Má Ti Paris Bẹ̀rẹ̀

Àjàní ọmọ mi,

Ìlànà iṣẹ́ àkọsílẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ lórí Dietrich von Choltitz, ọ̀gágun Jámánì tó darí Paris nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú orí márùn-ún tí o tò sílẹ̀, mẹ́rin ló dá lórí Paris. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ọkùnrin náà lò níbẹ̀, láti ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1944. Ọgbọ̀n ọdún ló sì ti fi ṣe ológun kó tó débẹ̀. Jọ̀ọ́, tú u palẹ̀ kí o tún un tò. Ohun tó ṣe ní Rotterdam ní Nẹ́dálándì àti ní Sevastopol, ìlú èbúté ní Crimea, ni yóò jẹ́ kí o mọ irú ẹni tó wọ Paris.

Oyè rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. O kọ ọ́ pé Generalleutnant bá Lieutenant-General ti Nàìjíríà dọ́gba. Rárá o. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ìgbà yẹn kò ní Brigadier-General. Generalmajor ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ oyè ọ̀gágun. Nítorí náà Generalleutnant ló bá Major-General wa mu, General der Infanterie ló sì wá bá Lieutenant-General mu. Má sì jẹ́ kí “Infanterie” (ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀) inú oyè yẹn tàn ọ́. Ẹ̀ka tí ọ̀gágun ti dàgbà ló ń tọ́ka sí, kì í ṣe irú ọmọ ogun tó ń darí. Ní 1943, àwọn táńkì ni Choltitz ń darí, síbẹ̀ oyè ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n padà fi í jẹ.

Wo bí oyè náà ṣe rìn pẹ̀lú. Leutnant, oyè ọ̀gá tó kéré jù, ni ní 1914. Ó di 1929 kó tó di Rittmeister, ìyẹn Captain àwọn ẹlẹ́ṣin. Àdéhùn Versailles tó tẹ̀lé Ogun Àgbáyé Kìíní ló fà á: àwọn ọmọ ogun Jámánì kò gbọdọ̀ ju 100,000 lọ, ọ̀gá inú wọn kò sì gbọdọ̀ ju 4,000. Ṣùgbọ́n láti Oberstleutnant (Lieutenant-Colonel) ní 1940 dé General der Infanterie ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 1944, ọdún mẹ́rin péré ni. Ogun ló ń pa àwọn tó wà níwájú. Nígbà tí ọ̀gágun Erich Marcks kú ní Normandy ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1944, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni Choltitz gba ẹgbẹ́ ogun 84 tí Marcks ń darí. Ìkọlù Amẹ́ríkà ti ọjọ́ 25 oṣù keje fọ́ ẹgbẹ́ náà, Kluge, ọ̀gá àgbà ọmọ ogun Jámánì ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, sì yọ Choltitz nípò. Oyè ń gòkè, ipò ń bọ́: sọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Rotterdam ni kí o lo àkókò lé lórí. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1940, ọkọ̀ òfurufú Junkers 52 gbé bàtálíọ́nù kẹta ti rẹ́jímẹ́ńtì ẹlẹ́sẹ̀ 16, tí Choltitz ń darí, wá sí pápá Waalhaven. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n di àwọn afárá orí odò Nieuwe Maas mú títí táńkì yóò fi ti gúúsù dé. Wọ́n dì í mú, wọn kò kàn lè sọdá ni. Ní ọjọ́ 14, àwọn ará Jámánì kọ̀wé sí Scharroo, olórí ọmọ ogun Nẹ́dálándì nílùú náà, pé kó túúbá. Ìwé náà kò ní orúkọ, kò ní oyè, kò ní ìbuwọ́lù, Scharroo sì ní kí wọ́n lọ fi í sí i. Ìwé kejì ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ bọ́ǹbù Heinkel 111 bí 90 ti ń bọ̀ lókè. Àwọn awakọ̀ ti ká wáyà rédíò gígùn wọlé, àṣẹ pé kí wọ́n padà kò sì dé etí wọn. Iná pupa tí àwọn tó wà nílẹ̀ ń yìn sókè nìkan ló kù. Ẹgbẹ́ kan rí i, ó sì yà. Èkejì, ọkọ̀ 54, da bọ́ǹbù sílẹ̀. Àwọn ará ìlú bí 850 kú, nǹkan bí 80,000 di aláìnílé. Choltitz kọ́ ló pàṣẹ bọ́ǹbù yẹn, má sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fún un ní Ritterkreuz, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún akọni lójú ogun.

Ní Sevastopol, ṣọ́ra fún nọ́ńbà. Wọ́n ń sọ pé nínú 4,800 ọmọ ogun rẹ́jímẹ́ńtì rẹ̀, 347 ló kù nígbà tí ìlú náà ṣubú ní 1942. Rẹ́jímẹ́ńtì ẹlẹ́sẹ̀ Jámánì tó pé pérépéré kò ju nǹkan bí 3,000 lọ. Àfi bí wọ́n bá ka àwọn tí wọ́n ń kó wá dípò òkú àti àwọn tó gbọgbẹ́ ni 4,800 fi lè dúró. Bí o bá máa kọ nọ́ńbà náà, kọ ìdí náà tì í.

Ìgbà tí o bá wá dé Paris, má bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín kíákíá. Òótọ́ ni pé Hitler pàṣẹ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ pé Paris kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá àfi bó bá ti di àlàpà. Òótọ́ ni pé kò fọ́ ìlú náà, pé ó sì gba àdéhùn tí Raoul Nordling, aṣojú Sweden, bá a ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun bí 20,000 ló ní, táńkì rẹ̀ kò tó nǹkan, ìlú ti dìde sí i, àwọn ọmọ ogun Leclerc, ọ̀gágun Faransé, sì ti dé ẹnubodè. Ìwé tó kọ ní 1951 ló fi ara rẹ̀ ṣe olùgbàlà Paris. Ní àárín ọjọ́ mẹ́rìndínlógún yẹn kan náà, ọkọ̀ ojú irin kó ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 2,000 kúrò ní Pantin, lẹ́bàá Paris, ní ọjọ́ 15. Ní ọjọ́ 16, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́ 35 ní Bois de Boulogne, igbó ìgbafẹ́ ńlá kan ní Paris. Gestapo, ọlọ́pàá àṣírí Hitler, ló yìnbọn náà, àmọ́ Choltitz ni wọ́n fi ṣe olórí ìlú. Kò yẹ kí orí kankan nínú iṣẹ́ rẹ fo ọjọ́ méjèèjì yìí.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ yóò ti lágbára jù lọ kò jìnnà sí ọ níbẹ̀ ní London. Lẹ́yìn tí wọ́n mú un, Trent Park ni wọ́n gbé e lọ, ilé ńlá kan nítòsí Cockfosters. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ẹ̀rọ agbóhùn pamọ́ káàkiri ilé náà, àwọn tó ń gbọ́ sì wà lábẹ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Júù tó sá kúrò ní Jámánì. Ní òpin oṣù kẹjọ 1944, Choltitz sọ fún ọ̀gágun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé iṣẹ́ tó burú jù lọ tí òun ṣe rí ni pípa àwọn Júù run, pé òun sì ṣe é dé òpin gẹ́gẹ́ bí àṣẹ ṣe wí. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìwé rẹ̀. Kò dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn onítàn ń fura pé Crimea ni. Ìwọ náà kọ ọ́ bí ìfura, má sọ ọ́ di ẹ̀rí. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1947 láì gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó sì kú ní Baden-Baden ní 1966.

Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ohùn náà wà ní National Archives ní Kew, lábẹ́ nọ́ńbà fáìlì WO 208. Káàdì òǹkàwé kò gbowó, ṣùgbọ́n gbé ìwé ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí àdírẹ́sì dání. Béèrè fún àwọn fáìlì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ tí o máa lọ. Pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Bírò kò wọ yàrá náà. Bí o bá rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kọ orúkọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kí o tó kọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Orí Rotterdam ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o má fi ebi jókòó ti ìwé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ