Mi ò sá níṣẹ́ o, ibi tí wọn ò ti kọ́ mi níṣẹ́ ni mo kúrò

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Inú tó ń bí mi látọjọ́ Mọ́ńdè ni mo fi ń kọ̀wé yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tó bá gùn. Mọ́ńdè yẹn ni wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bójú tó owó ìrànwọ́ wa níbí ní Ìlú Ọba, wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ìdí tí mo fi sá níṣẹ́. Sá níṣẹ́ kẹ̀! Iṣẹ́ wo? Ìkọ́ṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí wọn ò san kọ́bọ̀ ni, mo ṣe ọ̀sẹ̀ márùn-ún níbẹ̀, wọn ò kọ́ mi ní nǹkan kan, mo kọ̀wé dágbére fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo bá tèmi lọ. Wọ́n ti wá sọ mí di ọ̀lẹ báyìí.

Iṣẹ́ àkáǹtì ni mo kọ́ kí n tó bímọ. Ọmọ ni mo tọ́jú fún ọdún díẹ̀, ìgbà tí mo fi máa padà dé, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fi ṣe gbogbo ẹ̀, irú èyí tí mi ò lò rí. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí wọ́n ní ọ́fíìsì kan máa gbà mí, pé wọ́n máa fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mánéjà fi mí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, ó ní wọ́n máa fún mi ní password kó tó di ọ̀sán. Ọ̀sán kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì mo béèrè, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta mo tún béèrè, wọ́n ní ẹni tó ń ṣe é wà ní ìsinmi. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, mi ò mọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ó kàn dúdú ni, ojú ara mi ni mò ń rí nínú gíláàsì ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun tí wọ́n gbé fún mi ni àwọn páálí fáìlì àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ̀rọ yẹn ò sì gbọdọ̀ jẹ irin, èmi ni mo wá ń fi èékánná yọ pín-ìnnì tí wọ́n fi gán bébà pọ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn. Mo ní abọ́ kékeré kan tí mò ń dà á sí, tó bá kún ma dà á nù, á tún kún. Èékánná àtàǹpàkò mi tó ya kò tíì jinná bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọmọdébìnrin tó ṣe ìkọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kí n tó dé, páálí yìí náà lòun ń tú. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn mi á bá tiẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò lè ní mi ò sọ̀rọ̀ o. Mo sọ fún mánéjà lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ ọ́ sínú jọ́nà mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ọ́fíìsì lè rí i, ẹnì kan dáhùn pé kí n ní sùúrù, pé ìrírí ni. Ìrírí kí ni? Ìgbà tí mo kúrò ló wá di pé wọ́n rí mi. Ọmọ tó gbọ́ tẹnu mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ tí àbúrò mi lè bí, kò gbójú sókè wò mí, ó ṣáà ń tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ní owó mi lè dúró o, pé òun máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣèpinnu. Mo ní lábẹ́ òfin wo? Ó ní wọ́n máa kọ̀wé sí mi. Látìgbà yẹn, tí fóònù mi bá ti dún báyìí, àyà mi á já.

Àwọn ọ̀gá ọ̀hún mọ̀ pé a kì í ka òfin ni, èmi sì ti kà á. Ọdún 2011 ni ìjọba ibí dá ètò ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba owó ìrànwọ́, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́jọ. Nígbà yẹn, tó o bá kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò séwu, àmọ́ tó o bá kọjá ẹ̀ kó o tó kúrò, wọ́n lè gé owó ọ̀sẹ̀ méjì. Aráàlú pariwo, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọwọ́ kúrò nínú ẹ̀, nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kejì ọdún 2012, mínísítà tó wà nídìí ẹ̀, Chris Grayling, gbà láti yọ ìjìyà yẹn kúrò, àfi ẹni tó bá hùwà burúkú gidi níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ tún rántí Cait Reilly, ọmọbìnrin tó ti kàwé jáde ní yunifásítì, tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ jẹ́jẹ́ ní mùsíọ́mù, tí wọ́n ní kó lọ máa to ọjà sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2013 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbà pẹ̀lú ẹ̀, ìjọba sáré ṣe òfin tuntun, síbẹ̀ nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà sọ pé àlàyé tí wọ́n ṣe fáwọn tí wọ́n kó síbẹ̀ kò tó. Ṣé ó ti wá tó báyìí? Ta ló ṣàlàyé fún èmi?

Lábẹ́ Universal Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba níbí, ẹni tó bá fi iṣẹ́ tó ń gbowó oṣù lórí ẹ̀ sílẹ̀ láìnídìí lè pàdánù owó fún ọjọ́ 91 nígbà àkọ́kọ́, 182 tó bá tún ṣe é. Òun ni wọ́n wá ń fi dẹ́rù ba àwa tá ò gba kọ́bọ̀, bíi pé iṣẹ́ la fi sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì gé e fún àgbàlagbà, gbogbo owó tó fẹ́ fi jẹun lóṣù yẹn ló lọ, irú owó bíi ti ilé àti tọmọ ló máa kù. Ní Jámánì, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ wọn sọ ní 2019 pé gígé ìdá 60 nínú 100 tàbí gbogbo ẹ̀ lọ́nà tí wọ́n ń gbà ṣe é nígbà yẹn kò bófin mu. Èèyàn náà ni wá níbí.

Ohun tí mo fẹ́ kò le rárá. Bébà ojú kan ni. Lọ́jọ́ tí èèyàn bá ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ibi tó ń lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan báyìí báyìí la máa kọ́ ẹ, lágbájá ló máa kọ́ ẹ, ọjọ́ báyìí lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara ẹ ṣe é. Kí mánéjà sáìnì, kí ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ sáìnì, kí ọ́fíìsì tó rán an lọ náà sáìnì, kí kálukú mú kọ́pì dání. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹnì kan láti ọ́fíìsì yẹn pe ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lórí fóònù, kì í ṣe mánéjà o, kó ka bébà yẹn sí i létí ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ṣé wọ́n ti ṣe eléyìí, ṣé wọ́n ti ṣe tọ̀hún? Tí wọn ò bá ṣe é, kí wọ́n fún ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Tọ́rọ̀ bá ṣì wà bó ṣe wà, kónítọ̀hún kúrò, kí bébà yẹn fúnra ẹ̀ jẹ́ ìdí tó tó, kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni wá rojọ́ mọ́. Ká ní mo ní irú bébà bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta ni mi ò bá ti kúrò, mi ò bá sì ti wà níbòmíì tí mo ti ń kọ́ nǹkan.

Kí wọ́n tún yé kó èèyàn lọ síbi tí gbogbo ẹni tó bá lọ ti ń sá kúrò. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn láti máa wojú èèyàn sọ̀rọ̀.

Mo ti ní kí mánéjà yẹn fún mi ní ẹ̀rí pé ẹnì kan kọ́ mi ní nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, kò tíì fèsì. Tí wọ́n bá gé owó mi, ma ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, tí wọ́n bá kọ̀, a jọ ń lọ sí tribunal nìyẹn, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó ìrànwọ́. Gbogbo ìgbà tí mo kọ̀wé béèrè password yẹn ló wà nínú jọ́nà mi, pẹ̀lú déètì ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìlú Ọba