Igbákejì, igbákejì, títí dìgbà wo?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìwé ìròyìn yín kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n du ipò ààrẹ Nàìjíríà lọ́jọ́ iwájú. Mo ka orúkọ àwọn gómìnà, àwọn tó ti ṣe gómìnà rí, àti àwọn mínísítà. Ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo tó rí orúkọ obìnrin, ohun tí ẹ sì kọ nípa rẹ̀ ni pé ó lè ṣe igbákejì fún ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó wà lókè. N ò bá yín jà. Bí àwọn olóṣèlú ṣe ń sọ ọ́ lẹ ṣe kọ ọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ ipò igbákejì yìí wò dáadáa, torí lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sé àwọn obìnrin mọ́.

Ẹ wo ilẹ̀ Yorùbá níbí. L'Ọ́ṣun, Erelú Olúṣọlá Ọbádá ṣe igbákejì gómìnà láti 2003 di 2010. Bó ṣe ń jáde ni Títí Láoyè-Tòmórì wọlé, òun náà sì wà níbẹ̀ di 2018. L'Ékòó, Sarah Ṣósàn ló wà níbẹ̀ ní 2007, Adéjọkẹ́ Orélópé-Adéfúlirẹ́ gbà á ní 2011, Idiat Adébùlé gbà á ní 2015. Ògùn àti Èkìtì náà ti fi obìnrin sípò yìí. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó di gómìnà. Kódà nígbà tí PDP l'Ékòó fẹ́ fi òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀ fa ojú olùdìbò mọ́ra ní 2023, igbákejì náà ni wọ́n fi Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe.

Ibòmíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Igbákejì ààrẹ ni Samia Suluhu Hassan ní Tàǹsáníà nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kú ní 2021, òun ló sì gba ipò náà. Igbákejì ààrẹ ni Netumbo Nandi-Ndaitwah ní Nàmíbíà, ẹgbẹ́ rẹ̀ fà á kalẹ̀, ó wọlé ìdìbò 2024. Níbí, obìnrin kan ṣoṣo tó tíì jókòó sórí àga gómìnà ni Virginia Etiaba ní Anambra. Ìyẹn náà, wọ́n yọ ọ̀gá rẹ̀ nípò ní oṣù kọkànlá 2006 ni, nígbà tó sì di oṣù kejì 2007, ilé ẹjọ́ dá ọ̀gá padà, màmá sì padà sípò igbákejì rẹ̀.

Tó bá wá kan ti ààrẹ ńkọ́? Ní oṣù kìn-ín-ní 2011, PDP ṣe ìdìbò abẹ́lé l'Abuja. Goodluck Jonathan ní ìbò 2,736, Atiku ní 805. Sarah Jibril, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, ní ìbò 1. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń fi ìbò kan yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń sọ pé obìnrin kì í fẹ́ràn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Irọ́ ni. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ̀ pé ẹni tí gómìnà bá fọwọ́ sí ni àwọn aṣojú tó ń dìbò abẹ́lé ń dìbò fún, àtọkùnrin àtobìnrin wọn. Ní 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rẹ̀mí Sónáìyà du ipò ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ KOWA, ó ní ìbò 13,076. Ní 2023, nínú olùdíje 18, Chichi Ojei ti ẹgbẹ́ APM nìkan ni obìnrin. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba obìnrin láyè láti díje kò ní ìpínlẹ̀ kankan lọ́wọ́. Èyí tó ní ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà ni APC pe fọ́ọ̀mù ààrẹ ní 2022. Àwọn ọkùnrin kan wà tí àwọn alátìlẹ́yìn dáwó ra fọ́ọ̀mù fún. Ta ló ń dá irú owó bẹ́ẹ̀ fún obìnrin?

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Ẹ lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù. Àwọn obìnrin ló ń kọ́kọ́ dé. Àwọn ló ń to àga, àwọn ló ń dá orin, ankara tí wọ́n tẹ àwòrán olùdíje sí ló sì wà lára wọn. Tí wọ́n bá ti pín omi inú ọ̀rá tán, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á dìde, wọ́n á wọ pálọ̀ alága lọ, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Inú pálọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń mú ẹni tó máa díje. Ó lè di aago mọ́kànlá alẹ́ kí wọ́n tó jáde. Obìnrin wo ló máa jókòó tì wọ́n dìgbà yẹn tí wọn ò ní máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa kí ilẹ̀ tó mọ́? Tí ọ̀kan bá sì ní alága lòun fẹ́ ṣe, èsì ti wà nílẹ̀: "Ìyá wa, ṣebí ẹ̀yin lẹ ni ipò aṣáájú obìnrin." Orúkọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ yín rárá. Ti Ngozi Okonjo-Iweala lẹ máa ń gbé jáde, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún iṣẹ́ àjọ ìṣòwò àgbáyé ní Geneva.  

Obìnrin tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní 2023 lé ní mílíọ̀nù 44, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 93. Ìbò wọn wúlò, orúkọ wọn ni kò wúlò.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Kí ẹ tó tún gbé orúkọ mìíràn jáde, ẹ rán akọ̀ròyìn yín sí àwọn igbákejì gómìnà àná wọ̀nyí. Kí ó bi wọ́n pé: nígbà tí sáà ọ̀gá yín ń parí lọ, ta ló sọ fún yín pé kì í ṣe ẹ̀yin ló kàn? Ibo ni wọ́n ti sọ ọ́? Kí ni wọ́n fi rọ̀ yín? Ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn, màá ra méjì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín l'Óṣogbo