Ọyẹ́ ń la ọkọ̀ onípákó

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi èyí tó àwọn apẹja tó ń lo ọkọ̀ onípákó ní adágún Erelú ní Ọ̀yọ́ àti odò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ létí.

Ọyẹ́ tó bá dé lójijì a máa fa omi ara pákó gbẹ. Pákó á súnkì, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé á là, òwú tí a fi dí ojú náà á sì já bọ́. Ẹ yẹ ìdí ọkọ̀ wò lọ́sàn-án: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín pákó méjì, ẹ má gbé èrò sí i.

Símẹ́ǹtì tí ọ̀pọ̀ ń sáré rẹ́ sí i ń bà wá lọ́kàn jẹ́. Kì í tẹ̀. Bí pákó bá mumi tó wú, símẹ́ǹtì á fọ́, nígbà mìíràn á ti ìṣó jáde. Òwú tí ẹ rẹ sínú kolótà (ọ̀dà dúdú) ló yẹ. Ọ̀bẹ tí kò mú ni kí ẹ fi tì í wọlé, ẹ má kì í le jù, kí pákó lè ráyè wú. Kí ẹ wá ri ọkọ̀ náà sétí omi tó mọ ní orúnkún fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Èyí tí kò bá níṣẹ́, ẹ dojú rẹ̀ dé lórí igi méjì lábẹ́ ibòji, kí ẹ fi àpò tútù bò ó.

Àwa tó ń kan ọkọ̀ ojú omi,
Ọ̀yọ́.