Sí ẹni tó fàlà sínú ìwé tí mo rà lẹ́bàá Ọjà Ọba

Ẹni ọ̀wọ̀ mi,

Mi ò mọ orúkọ yín. Ewé tó ṣeé ṣe kí ẹ kọ ọ́ sí ti fà ya kúrò lára ìwé náà kó tó dé ọwọ́ mi. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá ni yín tàbí ìyá, bóyá ẹ ṣì wà ní Àkúrẹ́ níbí tàbí ẹ ti kó lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo kà lọ́dún tó kọjá, ọpẹ́ yín ló pọ̀ jù lọ́rùn mi.

Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà ni ìwé náà. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá Ọjà Ọba ni mo ti rà á. Bí mo ṣe ṣí i ni mo rí àwọn ìlà yín: ìlà òòró kéékèèké, bírò búlúù, láàárín gbólóhùn, láti ewé dé ewé. Níbòmíràn ìlà kan, níbòmíràn méjì. Ìgbà tí mo ka ojú ewé kan sókè ketekete ló yé mi. Ibi tí ẹ ti ń mí ni. Ìlà kan, ẹ mí; ìlà méjì, ẹ dúró kí àwọn tó ń gbọ́ yín rẹ́rìn-ín tán. Ẹ ń kà á sí ènìyàn létí ni.

Fágúnwà ò ṣeé fi ojú nìkan kà. Á dárúkọ ohun kan, á tún un pè lọ́nà mìíràn, á tún gbé òmíràn lé e. Bí ojú bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, ojú á fò ó. Ẹnu ò lè fò ó. Níbi tó ti ń sọ bí Àgbákò, ẹbọra burúkú inú ìwé náà, ṣe rí, tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká, ìlà yín pọ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ, ẹ sì kọ "rọra" sí etí ìwé. Mo rọra lóòótọ́. Ẹ bá rí bí àwọn ọmọdé ṣe di ara wọn mú.

Mi ò tíì sọ ti àwọn ọmọdé fún yín. Ojú Màámi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, Bíbélì rẹ̀ pàápàá, àfi ká kà á fún un. Òun ni mo kọ́kọ́ ka ìwé yín fún, ní gbàgede wa ní Òkè-Àró, lálẹ́ tí kò bá sí iná, tọ́ọ̀ṣì fóònù lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ayálégbé fi ń gbé àpótí wá jókòó tì wá. Lẹ́yìn náà, ìyá wọn. Lẹ́yìn náà, bàbá kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lójú títì: á dúró lórí ìdúró, á ní òun ń kọjá lọ ni, kò sì ní lọ títí n ó fi pa ìwé dé.

Inú ìwé náà gan-an ni irú èyí ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Bàbá àgbà kan, Àkàrà-Oògùn, ló wá bá akọ̀wé, tó ní kó mú ohun ìkọ̀wé, kó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Nígbà tó máa padà wá, òkìkí ti kàn, èrò ti pé láti gbọ́. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí wọ́n bí ní 1903, tíṣà ni. Ó mọ ẹni tó ń kọ̀wé fún. Ní 1938 tí ìwé náà jáde, mélòó ló mọ̀wéé kà nínú agbo ilé kan? Ẹni kan á kà, gbogbo ilé á gbọ́. Màámi ti gba Òkè-Igbó kọjá láìmọye ìgbà nígbà tó ń lọ ra ọjà ní Ifẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ibẹ̀ ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ó tún bi mí bóyá ó dá mi lójú.

Ìwé yín ló kì mí láyà láti wá òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Oǹdó yá mi ní ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹ̀dà tí onímọ̀ Karin Barber tún gbé jáde ní 2012. Tí ẹ ò bá tíì kà á, ẹ dákun, ẹ wá a. Ní 1929, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ó ń sọ bí òun ṣe fi ẹwà kó ọkùnrin jẹ nígbà èwe, àti bí àìsàn òun ìṣẹ́ ṣe wá dé. Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́ débi pé àwọn kan fi owó ránṣẹ́ sí i. Àṣé olóòtú ìwé ìròyìn náà, I. B. Thomas, ló ń kọ gbogbo rẹ̀.

Mo fi ìyẹn pa mọ́ fún Màámi. Lẹ́tà kan lọ́sẹ̀ kan ni mò ń kà fún un. Á bínú sí Sẹ̀gilọlá, á káàánú rẹ̀, á tún máa bá a wí: "Ìwọ náà ò gbọ́ràn." Nígbà tí mo wá sọ fún un pé ọkùnrin ló kọ ọ́, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Irọ́ ni. Obìnrin kan ló sọ ọ́ fún un." Mo rò ó títí, mi ò rí èsì fọ̀. Gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ nípa ìwé yẹn, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ọ̀rọ̀ Màámi.

Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969, ò pẹ́ rárá, nítorí àwọn ọmọ ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n fẹ́ mọ bí Lápàdé, ọlọ́pàá àná, ṣe máa rí àwọn olè náà mú. Mo fa ìlà tèmi sí i, bírò pupa.

Ó ń dùn mí pé irú ìwé wọ̀nyí la máa ń kó fún ọmọ nílé ìwé kí wọ́n lè wá àfiwé àti àwítúnwí jáde nínú rẹ̀ fún ìdánwò, kí wọ́n sì pa á tì. Ọmọ ayálégbé wa kan tó wà ní girama sọ fún mi pé àwọn ti ṣe Ògbójú Ọdẹ tán ní kíláàsì. Kò gbọ́ ọ rí. Ní báyìí, òun ló ń gba ibi tí Kàkò oníkùmọ̀ ekùn, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú ìwé náà, bá ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju tèmi lọ.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín sí rèé. Màámi ò tíì dárí ji bàbá tó bí Àkàrà-Oògùn, tí ìbọn rẹ̀ pa ìyàwó rẹ̀ nígbà tí obìnrin náà para dà di ẹran. Ó ní àjẹ́ ni o, kì í ṣe àjẹ́ ni o, ó bímọ fún un. Mo sọ fún un pé Fágúnwà kọ ìtàn bàbá náà lọ́tọ̀ sínú Igbó Olódùmarè, ní 1949. Láti ọjọ́ náà ló ti ń béèrè rẹ̀. Mo mọ̀ pé mo lè rí tuntun rà, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ti fàlà sí ni mo ń wá. Bó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ bá mi fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin oníwèé àlòkù yẹn, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ fẹ́ gbà. Ó mọ̀ mí.