Ọ̀rọ̀ Ìmáàmù: Òṣùpá Tó Ń Jò

Ẹ̀yin ará wa nínú jamọ́à, àsàlámù àléékùm.

Láti Àtìní ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí sílẹ̀, lórí ìmọ́tótó. Nígbà tó di ọ̀sán Àlàrùbá, mo ya bébà náà nítorí ọ̀rọ̀ owó èlé. Ẹni tó wà lójúde mọ́sáláṣí lọ́jọ́ náà mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, kó má bèèrè.

Súrà Bákárà, áyà 276: Ọlọ́hun ń pa èlé rẹ́, Ó sì ń mú sàárà gbèrú. Láti ilé-kéú ni mo ti ń sáré kà á kọjá. Lọ́sẹ̀ yìí, ó há mi lọ́fun. Báwo ni ohun tó ń lé sí i lóṣooṣù yóò ṣe jẹ́ òun là ń pa rẹ́, tí èyí tó ń jáde lọ́wọ́ ẹni yóò jẹ́ òun ló ń pọ̀? Ẹ wo ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà, yamhaqu (ń pa rẹ́). Ara rẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ òru ìparí oṣù, nígbà tí òṣùpá ti jò débi pé ojú ò rí i mọ́. Òṣùpá kì í já bọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tán, ẹni tó ń wò ó lálaalẹ́ lè má fura. Yurbī (ń mú gbèrú) tí Ọlọ́hun sì lò fún sàárà, gbòǹgbò kan náà ni òun àti ribaa (èlé). Àfi bí ẹni pé Ó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ olówó èlé, Ó fi lé aláàánú lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gba básíkẹ́ẹ̀tì mọ Hakeem Olajuwon, ọmọ onísìmẹ́ǹtì l'Ékòó. Ní 1984, òun ni Houston Rockets, ẹgbẹ́ agbábásíkẹ́ẹ̀tì l'Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ mú, ṣáájú Michael Jordan. Ó gba ife ní 1994 àti 1995, ó fẹ̀yìn tì ní 2002. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba owó ńlá, owó náà sì fò lọ. Ilẹ̀ àti ilé ni tirẹ̀ ń rà ní Houston, owó lọ́wọ́ ló fi ń rà á, kò yá ti báńkì, nítorí èlé. Bí owó ò bá pé, ilẹ̀ á dúró. Lọ́jọ́ tí ọjà ilẹ̀ bá wá wó, ta ni yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ilé báńkì àtijọ́ kan wà láàárín ìlú náà, 1928 ni wọ́n kọ́ ọ. Ó rà á, ó sọ ọ́ di mọ́sáláṣí. Ibi tí wọ́n ti ń ka owó èlé ni wọ́n ti ń forí kanlẹ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Iléṣà. Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn. Wọ́n le, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n owó aṣọ ni wọ́n lóṣòó tì. Ẹ̀yin tó ń lóṣòó lónìí, aṣọ wo lẹ tà? Ẹ yá èèyàn ní ₦50,000, ẹ ń gba ₦5,000 lóṣù. Oṣù mẹ́wàá, ó ti san ₦50,000, ojú owó ṣì ń wò ó. Ẹ sì wà ní sàfù iwájú! Bí fírísà ọlọ́jà bá wà ní pálọ̀ yín, ẹ má bá mi ṣe àmín.

Ẹ̀yin tó ń yá a náà ńkọ́? Owó èlé gbọ́múlélántà (orúkọ yẹn gan-an tó ìtìjú), ẹ fi ra àǹkóò fìdáù. Ta ló rán yín?

Èmi náà ṣe é rí. Owó èlé ni mo fi ra ọ̀kadà. Ìgbà tí mo fi san gbèsè tán, táyà rẹ̀ nìkan ló kù. Nítorí náà, olówó tó bá fẹ́ fagi lé èlé, kó wá bá mi lẹ́yìn Ìṣáì, mi ò ní bá a jà. Onígbèsè náà, kó wá. Ó wà lára àwọn tí Ọlọ́hun ní ká fún ní sàká. Ìyá wa tó ni fírísà yẹn, ẹ padà wá sí àsàlátù. A ò tíì ká ẹní yín.

Ìkéde: Àsàlátù di aago mẹ́wàá lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́, ẹ ṣe àlùwàlá wá láti ilé. Ẹni tó gbé bàtà dúdú ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, òsì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ládàánì.