Sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Ẹ Ń Retí Èsì Ìdánwò Dókítà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà o. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ìṣègùn ní Ukraine, ní Sùdáánì, ní Ṣáínà tàbí ní Kùtọ̀nú, tí ẹ wá jókòó ṣe ìdánwò MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, kí wọ́n tó lè fún yín níwèé àṣẹ nílẹ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé níbí, àmọ́ tí ẹ ṣe PLAB, ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí USMLE ti Amẹ́ríkà: gbogbo yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìdánwò yàtọ̀ síra, àyà tó ń já kò yàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì ìtọ́jú ọpọlọ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, ni mo ti kọ́ṣẹ́, Kàdúná ni mo ti ṣe é pẹ́ jù, Kubwa l'Ábújá níbí ni mo wà báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà ló háyà yàrá ẹ̀yìn ilé mi, torí náà mo máa ń mọ̀ bí èsì bá ku díẹ̀ kó jáde: wọn kì í pa iná lóru mọ́, àfi tí àwọn oníná bá bá wọn pa á.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà ni pé ẹ ò lè ṣe ìdánwò yẹn lẹ́ẹ̀kejì nínú orí yín. Mo máa ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ilé. "Ìbéèrè ọmọ tó ní gìrì yẹn, kí lo mú?" "B." "Háà, C lèmi mú o." Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò èyí tí wọ́n gbà àti èyí tí wọ́n pàdánù. Ẹ jẹ́ n bi yín: máàkì wo lẹ fẹ́ fi wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè 180 ló wà nínú PLAB àkọ́kọ́, ìyẹn apá kìíní ìdánwò náà, wákàtí 3 lẹ fi dáhùn wọn, ṣùgbọ́n kò sí iye kan pàtó tí wọ́n fi ń yege láti ọdún dé ọdún. Àwọn dókítà tó mọṣẹ́ ló ń jókòó yẹ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wò, tí wọ́n á ní, ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ kàn tó ìwọ̀n tó yẹ, báwo ni yóò ṣe ṣe èyí sí? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa máàkì àṣeyege yọ, ti ìdánwò yìí sì lè má bá ti èyí tó kọjá mu. USMLE tiẹ̀ tún ní àwọn ìbéèrè kan tí wọn kì í ka máàkì wọn rárá. Wọ́n kàn fi sí i láti dán ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ wò ni. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó gba oorun lójú yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà lára wọn.

Ọpọlọ pàápàá kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé fọkàn tán nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí ẹ mọ̀, ẹ ti dáhùn, ẹ ti kọjá, ẹ ò rántí rẹ̀ mọ́. Èyí tí ẹ bá jìjàkadì ló jókòó sọ́kàn. Láti ọdún 1927 ni Bluma Zeigarnik, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí a ò parí máa ń wà lọ́kàn ẹni ju èyí tí a parí lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó máa yege fi ń sunkún lóru kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò ní yege.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni àmì wíwá. Ẹnì kan á ní bí ìwé tí wọ́n fi jókòó ìdánwò bá ti pòórá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èsì ti dé tán. Ẹlòmíràn á ní pípẹ́ tó pẹ́ yìí, kò dáa. Èsì USMLE sábà máa ń jáde lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn ìdánwò. Ti PLAB àkọ́kọ́ lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa àsìkò kò ju ìyẹn lọ. Babaláwo tó mọṣẹ́ kì í dífá ọ̀ràn kan náà nígbà mẹ́wàá lójúmọ́, ẹ̀yin ń dá a lórí fóònù. Ẹ jáde kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp yẹn títí èsì á fi dé. Kò sẹ́ni tó máa bínú. Àwọn náà fẹ́ jáde ni.

Lọ́dún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé lórí ohun tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa: orí á máa gbóná, á dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú á ṣú, wọ́n á kàwé, kò ní wọlé. "Brain fag", àárẹ̀ ọpọlọ, ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin dókítà mọ̀ pé ìdààmú ọkàn máa ń gba ara jáde, ṣùgbọ́n bó bá dé bá ẹ̀yin fúnra yín, ibà lẹ máa ń lọ yẹ̀ wò.

Bẹ́ ẹ bá jí lóru tí àyà ń lù kìkì, ẹ fa èémí sínú, kẹ́ ẹ wá tú u jáde díẹ̀díẹ̀, kí títú gùn ju fífà lọ. Ẹ ṣe é bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà tí èèyàn bá ń mí síta ni ọkàn máa ń rọra lù. Ẹ dín obì gbànja àti kófì kù. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí márùn-ún, ìdajì kaféènì inú wọn ṣì lè wà lára. Ẹ ò kàwé mọ́, kí lẹ ń lé oorun fún? Oògùn oorun ńkọ́? Ẹ má kọ ọ́ fún ara yín. Àwọn dókítà ló máa ń yára ṣe bẹ́ẹ̀ jù.

Ẹ fún àníyàn ní àsìkò tirẹ̀: ìṣẹ́jú 20 nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìwé àti bírò. Bó bá yọjú láàárọ̀, ẹ ní kó padà wá nírọ̀lẹ́. A máa ń fi èyí kọ́ àwọn aláìsàn wa, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Inú ìwé yẹn náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ̀nà méjèèjì sí, kí èsì tó dé. Bẹ́ ẹ bá yege ti MDCN, housemanship, ìkọ́ṣẹ́ oṣù 12 nílé ìwòsàn, ló kàn: ilé ìwòsàn wo lẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ìwé wo ni kò tíì pé? Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìdánwò náà sábà máa ń wáyé. Kí lẹ máa ṣe láàárín, ta ló máa bọ́ yín? Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni PLAB àkọ́kọ́. Àmọ́ USMLE, láti ọdún 2021, ẹnikẹ́ni ò lè jókòó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ fún ìpele kan. Ẹ má ṣe fi ìbínú alẹ́ ọjọ́ kan sanwó ìdánwò mìíràn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Ẹ̀yin òbí, ó kù síbi tiyín. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ta ilẹ̀ kí ọmọ tó lè rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n "Èsì ńkọ́?" láàárọ̀, "Èsì ńkọ́?" lálẹ́, láti Ìbàdàn àti Ìlọrin, kì í mú èsì yá. Ẹ má sì tíì máa pe ọmọ ní "dókítà wa" níwájú gbogbo ìjọ. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ yan ẹnì kan, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá tí ẹnu rẹ̀ kì í yá, kó máa dá àwọn ará ilé lóhùn fún yín.

Bí oorun àti oúnjẹ bá ti kọ̀ yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí èrò ikú bá ń wá, ìyẹn ti kọjá ìmọ̀ràn ìyá àgbà. Bó bá jẹ́ ti èrò ikú, ẹ má retí ọ̀sẹ̀ kankan, ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Gwagwalada, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Barnawa ní Kàdúná. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2023 ti lé òfin àwọn òyìnbó àtijọ́ lọ. Ẹ̀rù máa ń bà yín pé bẹ́ ẹ bá lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á torí ẹ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín. Mo ti bá wọn tọ́jú àwọn dókítà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ wọn títí dòní.

Lọ́jọ́ tí èsì bá dé, ẹ má ṣí i nínú kẹ̀kẹ́, ẹ má ṣí i ní wáàdì nígbà tí aláìsàn ń dúró dè yín. Ẹni tí ẹ yàn yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, èsì rere tàbí òdìkejì rẹ̀. Òun ni kó pe àwọn yòókù.

Èmi ni ìyá yín ní Kubwa.