Má Tíì Fi Owó Ẹ́ńjìnnì Ránṣẹ́

Tánkè, Ìlọrin
Ọjọ́ Àìkú

Àlàbí ọ̀rẹ́ mi,

Àsàlámù àléékùm. O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú òtútù Kánádà. Ọyẹ́ ti dé síbí náà, ètè gbogbo wa ti là. Mo ya ọ̀dọ̀ Màmá ní Ajásẹ́-Ìpo lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ara wọn le, a dúpẹ́, wọ́n ṣì ń lọ sọ́jà. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé fóònù rẹ ti ń pẹ́ jù kó tó dún. Ọ̀rọ̀ ìyá àtọmọ nìyẹn, n ò dá sí i.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé ni mọ́tò Bàbá, Peugeot 504 wọn, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Àbúrò rẹ sọ fún mi pé mẹkáníìkì tó ń bá wọn tún un ṣe ní ẹ́ńjìnnì ti kú, pé kó o fi owó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ránṣẹ́. Jọ̀ọ́, má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò kú.

Ohun tó kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura ni pé ọkùnrin yẹn ní bẹ́líìtì táímìnì, èyí tó ń mú fáàfù ṣí lásìkò, ló yọ eyín. Bẹ́líìtì wo? 504 kì í lo bẹ́líìtì fún táímìnì, ṣéènì ló wà níwájú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n dé e mọ́ inú irin. Èyí tó hàn síta, tó ń yí fáànù, bẹ́líìtì fáànù lásán ni. N ò fi bú u ṣá. Orí Toyota òde òní ló ti kọ́ṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ki kọ̀ǹpútà bọ ìdí mọ́tò kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 kò ní ihò tí wọ́n máa ki nǹkan bọ̀. Etí, imú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Àbúrò rẹ ní láàárọ̀, bí òun bá ti ṣíná sí i, ṣe ló máa ń gbọ̀n jìgìjìgì. Bó bá wá di pé wọ́n ń gun òkè lójú ọ̀nà Òmù-Àrán, á máa fà, á máa já, á sì máa yìnbọn láti sàlẹ́ńsà. Epo tó ń mu ti kúrò ní kékeré, bẹ́ẹ̀ epo ọ̀hún ti di góòlù lọ́wọ́ wa níbí. Mo ní kó tan án, mo bẹ̀rẹ̀ nídìí sàlẹ́ńsà, mo tẹ́tí. Pọ-pọ-pọ-fù. Pọ-pọ-pọ-fù. Àyè kan náà ló ń fò ní gbogbo ìgbà. Bó bá jẹ́ pé bó ṣe wù ú ló ń fò, ohun tí sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ihò tí epo ti ń jó, jọ ń lò ni ǹ bá lọ wò: kọ́ìlì tó ń bí iná, kọndẹ́ńsà, kọ́ńtáàtì tó ń là tó ń pa ẹnu dé kí iná lè bẹ́, epo. Ṣùgbọ́n èyí tó ń fò ní àyè kan náà, sìlíńdà kan ṣoṣo ló ń jalè níbẹ̀.

Mo fi aṣọ gbígbẹ di orí wáyà púlọ́ọ̀gì mú, mo ń yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń dá wọn padà. Mo yọ ti iwájú, ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo yọ èyí tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Mo yọ ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo yọ nǹkan kan. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. (Má dán èyí wò lára mọ́tò tìrẹ tó wà lọ́hùn-ún o. Iná àwọn ìgbàlódé le ju ti 504 lọ, ó lè ba kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́, ó sì lè gbé ìwọ alára ṣánlẹ̀.)

Mo tú púlọ́ọ̀gì ẹ̀kẹta yẹn. Ó tutù rinrin, òórùn epo ń ta láti ẹnu rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù gbẹ, àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ní, bó ṣe yẹ kí púlọ́ọ̀gì rí. Epo ń dé ibẹ̀ nìyẹn, iná ni kò sun ún. Bó bá jẹ́ òróró dúdú ló bò ó, ẹ̀rù ríìnì písítìn ni ì bá bà mí. Mo wá fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì, mo ní kí àbúrò rẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti àtàǹpàkò mi dànù, fọ́ọ̀! Ẹ́ńjìnnì tó kú kì í ti àtàǹpàkò. Mo ṣì yá géèjì kọ́mpírẹ́ṣọ̀n, tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà, lọ́wọ́ ẹnì kan kí ọkàn mi lè balẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Alẹ́ ló jẹ́ kí n rí ọ̀tá. Wọ́n ti mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò, òkùnkùn ṣú biribiri. Mo ní kó tan mọ́tò, kó má tan iná iwájú, mo gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, mo sì dúró. Kò pẹ́ tí mo fi rí i: iná búlúù kékeré ń ta láti ọrùn wáyà ẹ̀kẹta sára irin, ń wọlé, ń jáde, ń dún ta-ta-ta. Iná tó yẹ kó lọ sí púlọ́ọ̀gì ti rí ọ̀nà àbùjá. Nígbà tí mo tú ìdérí dísítríbútọ̀, ibi tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, láàárọ̀, ìlà dúdú tínrín kan gba inú rẹ̀ kọjá láti ojú kan sí èkejì, ibi tí iná ti ń rìn tó ti jó ike náà. Ìdérí tuntun àti wáyà mẹ́rin ni mo rà nígboro Ìlọrin. Owó wọn kò tó ìdámẹ́wàá ohun tí wọ́n bi ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń to wáyà yẹn, 1-3-4-2 ni, ìyẹn bí iná ṣe ń kan sìlíńdà tẹ̀ léra. Peugeot ń ka sìlíńdà láti ẹ̀yìn, nídìí fláíwììlì, Toyota sì ń kà láti iwájú, ìjà tí mo ti rí àwọn mẹkáníìkì jà lórí èyí kì í ṣe kékeré. Ìjà òfo ni. Bó o kà á láti iwájú, bó o kà á láti ẹ̀yìn, yí i po, 1-3-4-2 náà ló máa bọ́ sí.

Sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í jó, síbẹ̀ mọ́tò ò lágbára, ó sì ń tètè gbóná. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ táímìnì iná púlọ́ọ̀gì ti wá, kì í ṣe ti ṣéènì. O ti rí i níbi ìnáwó, tí àwọn obìnrin ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Ọmọ odó kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tí í wọlé. Bí ẹnì kan bá tètè sọ tiẹ̀, tàbí tó pẹ́, ọmọ odó á máa gbá ara wọn. Iná púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ tàn ní kété kí písítìn tó dé òkè pátápátá, torí pé epo kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá pẹ́, epo á ṣì máa jó nígbà tí fáàfù ń ṣí, ooru á gba sàlẹ́ńsà lọ, agbára á bá a lọ. Bó bá yá jù, wàá gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì lórí òkè, ìyẹn ló sì ń dá písítìn lu.

Ohun tó mú ti mọ́tò Bàbá pẹ́ ni kọ́ńtáàtì. Ike kékeré tó ń fara ra ọ̀pá dísítríbútọ̀ ti jẹ, àlàfo ẹnu kọ́ńtáàtì sì ti sé mọ́ra. Bí àlàfo bá ti kéré, kọ́ńtáàtì á pẹ́ kó tó là, iná á sì pẹ́. Mẹkáníìkì yẹn ò wo ibẹ̀, dísítríbútọ̀ ló dì mú tó ń yí títí tí ẹ́ńjìnnì fi dùn létí rẹ̀. Ohun tí mo fi ń bá wọn jà nìyẹn: wọ́n ń yí dísítríbútọ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó sún táímìnì kúrò. Bí wọ́n bá wá pààrọ̀ kọ́ńtáàtì lẹ́yìn ìyẹn, iná á yá jù, wọ́n á tún ní ẹ́ńjìnnì ló ń lu. Àlàfo kọ́kọ́, táímìnì ìkẹyìn.

Nígbà tí mo ń wá géèjì tí mo máa fi wọn àlàfo, inú píjìn-hóòlù ni mo ti rí ti Bàbá fúnra wọn, wọ́n fi ọ̀rá wé e pẹ̀lú kọ́ńtáàtì tuntun kan tí wọn ò tíì lò. Mo fi géèjì wọn ṣe é sí 0.4 mm. Lẹ́yìn náà, mo tú púlọ́ọ̀gì, mo ki jíà kẹrin, àbúrò rẹ ń ti ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àmì púlì fi bọ́ síbi tó yẹ. Mo so gílóòbù kékeré kan mọ́ ibi tí kọ́ìlì ti ń lọ sí dísítríbútọ̀, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì kan irin ara mọ́tò, mo sì ṣí kọ́kọ́rọ́. Bí kọ́ńtáàtì bá pa ẹnu dé, gílóòbù ò ní tàn. Bó bá ti là báyìí, á tàn. Mo yí dísítríbútọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí gílóòbù fi là yẹ̀rì, mo fún bólútù pa.

A gbé e lọ Òmù-Àrán, a bá àwọn ìyá ọlọ́jà gbé ẹrù sẹ́yìn kó lè wúwo. Lórí òkè, ó lu díẹ̀, mo dúró, mo dá táímìnì padà sẹ́yìn bíńtín, torí irú epo tí wọ́n ń tà fún wa yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gun òkè lọ láìwẹ̀yìn.

Ohun kan ló kù. Mo fẹnu fa rọ́bà fákúùmù tó wà lára dísítríbútọ̀, èyí tó ń mú iná yá díẹ̀ bí mọ́tò bá ń sá wẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ kàn ń wọlé ni, awọ inú rẹ̀ ti ya. Kò kan òkè gígùn, torí bí èèyàn bá tẹ pẹ́dálì epo mọ́lẹ̀ pátápátá, fákúùmù kì í ṣiṣẹ́. Ojú ọ̀nà tó tẹ́jú ni yóò ti máa jẹ epo rẹ. Ṣé kí n wá tòkunbọ̀ rẹ̀ níbí, àbí wàá rí tuntun rà lọ́hùn-ún?

Owó tó o ti yà sọ́tọ̀ fún ẹ́ńjìnnì, yọ ti taya iwájú méjèèjì nínú ẹ̀, wọ́n ti yọ́. Kó o sì bá mi bá àbúrò rẹ wí: ó máa ń gbé mọ́tò lọ síbi tí wọ́n ti ń fọkọ̀, wọ́n á fi omi alágbára fọ́n inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ò sì dáa fún ìdérí dísítríbútọ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ títí, ó ní mọ́tò gbọ́dọ̀ mọ́ tó bá ń lọ ìgbéyàwó. Tìrẹ ló máa gbọ́.

Fèsì lórí fákúùmù kí n tó padà sí Ajásẹ́. Kí ìyàwó àtàwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni,
Àdìgún